Ta ló rí mi níbi tí mo páàkì mọ́tò sí? Ìdáhùn lórí àtẹ̀jíṣẹ́ owó ìtanràn

Ìyá Ìbejì kọ̀wé sí mi láti Thamesmead, ní Lọ́ńdọ̀nù, pé: "Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, inú mọ́tò ni mo sì ń wà láti àárọ̀ dalẹ́. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo sáré páàkì sórí ìlà yẹ́lò níwájú ilé ìyá àgbà kan tí mò ń tọ́jú, kò ju bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi pé mo jẹ owó ìtanràn £20, pé bí n kò bá san án kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé-ẹjọ́ ni ọ̀rọ̀ kàn, wọn yóò sì gba láísẹ́ńsì mi. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo mọ̀ pé mo páàkì síbẹ̀ lóòótọ́. Mo tẹ línkì náà, mo kọ nọ́ńbà káàdì mi sí i, mo tún kọ nọ́ńbà mẹ́fà tí báǹkì fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà ló ní àṣìṣe wà, pé kí n mú káàdì mìíràn wá, ni mo bá fi í sílẹ̀. Ó ti di ọjọ́ kejì báyìí, kọ́bọ̀ kò tíì kúrò nínú owó mi. Ọmọ mi ní gbájúẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ gbájúẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mo páàkì síbẹ̀? Ṣé kí n wá ọ̀nà san owó náà ni, àbí kí n dákẹ́?"

Ìyá Ìbejì, lọ́jọ́ tí ìwé yín dé ọwọ́ mi ni mo ti fi gbólóhùn kan ṣoṣo dá yín lóhùn, pé kí ẹ pe báǹkì yín kí ẹ tó ṣe ohunkóhun mìíràn, inú mi sì dùn pé ẹ pè wọ́n. Ìdáhùn tó kún ni mò ń kọ yìí, nítorí pé ẹ kọ́ ni ẹ kọ́kọ́ béèrè rẹ̀, ẹ kò sì ní jẹ́ ẹni ìkẹyìn. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì káńsù kan ní Lọ́ńdọ̀nù kí n tó fẹ̀yìn tì, níbi tí a ti ń ka ìwé àwọn awakọ̀ tó ń ṣàtakò owó ìtanràn. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí, £20 kọ́ ló ń dààmú yín. Ohun tó ń dààmú yín ni pé ọkàn yín ń dá yín lẹ́bi lórí ìlà yẹ́lò yẹn, ẹ sì gbà pé ẹni tó kọ àtẹ̀jíṣẹ́ náà rí yín. Kò rí yín. Bí mo bá lè mú kí ìdí rẹ̀ yé yín, ẹ kò ní í nílò ẹnikẹ́ni mọ́ láti bá yín wo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá tún wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà tí owó ìtanràn tòótọ́ ń gbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ẹni. Bí òṣìṣẹ́ káńsù bá bá mọ́tò níbi tí kò yẹ kó wà, yóò tẹ nọ́ńbà mọ́tò náà sínú ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, yóò ya fọ́tò mọ́tò, fọ́tò ìlà ilẹ̀, àti fọ́tò pátákó tó wà lára òpó. Nígbà mìíràn, yóò tún kọ ibi tí ẹnu táyà, níbi tí a ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, kọjú sí, kí awakọ̀ má baà wá sọ lọ́la pé òun ti wa mọ́tò kúrò kí òun tó tún padà wá. Yóò tẹ tíkẹ́ẹ̀tì jáde, yóò fi í sínú àpò ọ̀rá, yóò sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì iwájú. Lára ìwé yẹn ni nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà mọ́tò, orúkọ òpópónà, wákàtí àti ìṣẹ́jú, àti kóòdù ẹ̀ṣẹ̀ máa ń wà. Irú èyí tí ẹ rò pé ẹ ṣẹ̀ lórí ìlà yẹ́lò, kóòdù 01 ni à ń pè é. Níbi tó bá jẹ́ pé kámẹ́rà ló mú ènìyàn, lẹ́tà ni yóò kọ́kọ́ dé. Bí ẹni tó ni mọ́tò kò bá sanwó láàárín ọjọ́ 28, tí kò sì ṣàtakò, káńsù yóò béèrè lọ́wọ́ DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ mọ́tò àti awakọ̀, pé ta ló ni ín. Orúkọ àti àdírẹ́sì ni DVLA yóò fún wọn. Ẹ kíyè sí i pé n kò dárúkọ nọ́ńbà fóònù. Láti ara nọ́ńbà mọ́tò yín, ọ̀nà wà dé ẹnu ilẹ̀kùn yín. Ọ̀nà kò sí dé orí fóònù yín. Nínú ọdún mọ́kànlá tí mo fi jókòó sídìí iṣẹ́ yìí, n kò rí fáìlì kan tí DVLA ti fi nọ́ńbà fóònù ránṣẹ́ sí wa rí.

Báwo wá ni àtẹ̀jíṣẹ́ ṣe bá yín lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ páàkì sórí ìlà? Òkò ọjà ni. Ẹni tó bá sọ òkò sáàárín ọjà kò nílò láti mọ orúkọ ẹnikẹ́ni kí òkò rẹ̀ tó ba orí ènìyàn. Àwọn oníjìbìtì yìí ń fi ọ̀rọ̀ kan náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà tí wọ́n rà lọ́wọ́ àwọn tó jí àkọsílẹ̀ iléeṣẹ́ kó, tàbí èyí tí ẹ̀rọ kàn ń to jọ láti orí 07 lọ. Ọ̀nà kan tún wà tí kò tilẹ̀ nílò nọ́ńbà rárá. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, akẹ́kọ̀ọ́ kan gbé ẹ̀rọ sínú mọ́tò Honda, ó sì ń wà á kiri ìgboro Lọ́ńdọ̀nù fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ̀rọ náà ń ṣe bí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, fóònù tó bá wà nítòsí yóò fà mọ́ ọn, yóò sì gba àtẹ̀jíṣẹ́ èké láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ̀ sí i. Ilé-ẹjọ́ Inner London Crown Court rán an lẹ́wọ̀n tó lé ní ọdún kan. Ọkùnrin yẹn kò mọ ẹnì kankan lára àwọn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Nínú ìlú tí àìmọye ènìyàn ti ń páàkì lójoojúmọ́, tí àwọn olùtọ́jú arúgbó bíi tiyín sì ń páàkì nígbà mẹ́jọ lóòjọ́, báwo ni òkò náà kò ṣe ní í bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì síbi tí kò dára? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní Leeds, tí kò mọ mọ́tò ún wà, tí kò sì ní in, gba irú rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì pa á rẹ́. Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín nítorí pé ìlà yẹ́lò wà lọ́kàn yín, kì í ṣe nítorí pé àtẹ̀jíṣẹ́ tiyín yàtọ̀ sí tirẹ̀.

Mo wo fọ́tò àtẹ̀jíṣẹ́ náà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi dáadáa. DVSA ni wọ́n fi ṣe orúkọ ẹni tó kọ ọ́. DVSA ni àwọn tó ń ṣe ìdánwò awakọ̀, tí wọ́n sì ń bójú tó MOT, ìyẹn àyẹ̀wò mọ́tò ọdọọdún. Wọn kì í gba owó ìtanràn páàkì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kì í ṣe iṣẹ́ wọn. Kò sí nọ́ńbà mọ́tò yín níbẹ̀, kò sí nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, kò sí orúkọ òpópónà, "ọkọ̀ yín" nìkan ni wọ́n kọ, nítorí pé ohun tí wọ́n mọ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní ẹ san £20. Láti oṣù kẹrin ọdún 2025, owó ìtanràn káńsù lè tó £160 ní Lọ́ńdọ̀nù, kódà bí wọ́n bá dín in kù sí ìdajì, kò sí èyí tó ń jẹ́ £20 ní Lọ́ńdọ̀nù. (Ẹ̀yin tó ń gbé lẹ́yìn Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má fi iye owó nìkan dá a mọ̀, nítorí pé ìtanràn lọ́dọ̀ yín kéré gan-an sí tiwa, ìdajì èyí tó kéré jù sì lè bọ́ sí £20 lóòótọ́.) Wọ́n ní kí ẹ san án kí ilẹ̀ tó ṣú. Òfin fún awakọ̀ ní ọjọ́ 14 láti san ìdajì, àti ọjọ́ 28 láti san gbogbo rẹ̀ tàbí láti ṣàtakò. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo, kì í ṣe ọ̀rọ̀ káńsù. Wọ́n ní àwọn yóò gba láísẹ́ńsì yín. Tíkẹ́ẹ̀tì páàkì tí káńsù ń fúnni, ọ̀rọ̀ owó ni. Kì í fi pọ́ńtì sórí láísẹ́ńsì, kì í sì í gbà á.

Línkì náà ló tan yín jẹ jù, nítorí pé ẹ rí "gov.uk" nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi àpẹẹrẹ tèmi ṣàlàyé, n kò ní í kọ tiwọn síbí. Bí ẹ bá rí https://gov.uk-itanran.top/san, ẹ wá àmì ọ̀nà-ìdàgẹ̀rẹ̀ (/) àkọ́kọ́ tó dá dúró, ìyẹn èyí tó wà ṣáájú "san", kí ẹ wá máa ka ohun tó wà ṣáájú rẹ̀ láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. "Top" ni ẹ ó kọ́kọ́ bá, lẹ́yìn náà "uk-itanran". Ẹni tó ra "uk-itanran.top" ni ó ni ojúlé náà, "gov" tó wà níwájú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí pátákó "Ààfin Ọba" tí ènìyàn gbé kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ti ìjọba tòótọ́ yóò parí sí .gov.uk kó tó kan àmì náà, kò ní sí ohun kan láàárín. Wọ́n tún kọ ọ́ sí yín pé bí línkì kò bá ṣí, kí ẹ fi "Y" fèsì, kí ẹ jáde, kí ẹ sì tún ṣí ọ̀rọ̀ náà. Ìdí rẹ̀ ni pé iPhone kì í jẹ́ kí línkì láti ọwọ́ àjèjì ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá ti fèsì, fóònù yóò gbà pé ẹ mọ ẹni náà, yóò sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ̀yin fúnra yín ni wọ́n fi ṣí kọ́kọ́rọ́ tí Apple fi dáàbò bò yín. Àmì yẹn nìkan tó fún mi. N kò mọ ọ́fíìsì ìjọba kan tó ń ní kí ará ìlú tẹ "Y".

Ohun méjì kan wà tí àwọn ènìyàn fi ń tan ara wọn. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ tí gírámà rẹ̀ bá dán kì í ṣe tàwọn oníjìbìtì. Ó rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi kò ní àṣìṣe kan ṣoṣo. Èkejì ni pé bí ọ̀rọ̀ bá wọlé sábẹ́ orúkọ tí ẹ ti mọ̀, bóyá lójú kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀rọ̀ tí báǹkì tàbí dókítà yín ti fi ránṣẹ́ rí, tòótọ́ ni. Orúkọ tó wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tó fi í ránṣẹ́ ló kọ ọ́, fóònù kò sì mọ̀ ju pé kí ó kó àwọn tó jọ orúkọ pọ̀ sójú kan. Àwa tí a ní ará nílé ti mọ àbúrò gbájúẹ̀ yìí tipẹ́: àtẹ̀jíṣẹ́ pé wọ́n ti ti BVN yín pa, kí ẹ pe nọ́ńbà yìí kíákíá. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Houston àti Maryland náà mọ ẹ̀yà tiwọn, èyí tó ń sọ pé wọn kò san owó ojú ọ̀nà. Láàárín oṣù kan péré ní ọdún 2024, FBI ní ẹ̀sùn tó lé ní 2,000 ló dé ọ̀dọ̀ àwọn lórí rẹ̀.

Mo wá dé ibi tó bà mí lẹ́rù jù nínú ìwé yín, ìyẹn ibi tí ẹ ti ní kọ́bọ̀ kò tíì kúrò. Ẹ fi ìyẹn tu ara yín nínú, èmi ni mo sì tìtorí rẹ̀ ní kí ẹ pe báǹkì lójú ẹsẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kò sí oníjìbìtì tó ń sá kiri Lọ́ńdọ̀nù nítorí £20. Nígbà tí ẹ kọ nọ́ńbà káàdì, ó ń hàn sí wọn bí ẹ ti ń tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ kọ ọ́ sínú Apple Pay tàbí Google Pay lórí fóònù tirẹ̀. Báǹkì yín rí i pé fóònù tuntun fẹ́ gba káàdì, ó sì fi nọ́ńbà mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹ̀yin tí ẹ ni ín láti fi mọ̀ bóyá ẹ̀yin ni. Nọ́ńbà mẹ́fà yẹn kì í ṣe ti £20 rárá. Nígbà tí ẹ padà lọ ka àtẹ̀jíṣẹ́ báǹkì náà lẹ́yìn tí mo ní kí ẹ kà á, ẹ rí i fúnra yín pé ohun tó wà níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà náà wà fún fífi káàdì sórí ẹ̀rọ, pé kí ẹ má fi í han ẹnikẹ́ni. A kì í kà á. Nọ́ńbà la máa ń wá. Nígbà tí ẹ sì kọ ọ́ sójú ìwé wọn, káàdì yín ti di ohun tí ẹlòmíràn lè fi fóònù fọwọ́ kàn ẹ̀rọ ọlọ́jà kí ó sì rajà. "Àṣìṣe wà, ẹ mú káàdì mìíràn wá" kì í ṣe àṣìṣe. Wọ́n fẹ́ ìkejì ni. Wọ́n lè jẹ́ kí ó pẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀, tàbí kí wọ́n tà á fún ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí fífagi lé káàdì nìkan kò fi tó; ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún báǹkì pé kí wọ́n yọ gbogbo ẹ̀rọ tí káàdì náà wà lórí rẹ̀, nítorí pé káàdì tuntun lè gba ojú ẹ̀rọ àtijọ́ wọlé padà bí wọn kò bá yọ ọ́.

Ìpele kejì gbájúẹ̀ náà kò tíì dé, bí ó bá sì dé, fóònù ni yóò dún. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ dáadáa, tó mọ orúkọ yín, tó mọ nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn káàdì yín, yóò ní òun ń pè láti ẹ̀ka tó ń gbógun ti jìbìtì ní báǹkì yín, pé ẹnìkan fẹ́ jí owó yín, pé kí ẹ tètè kó o lọ sínú àkáǹtì kan tí kò séwu. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún wọn ní gbogbo ohun tí wọ́n fi ń dá yín lójú yìí lọ́jọ́ Ajé. Kò sí báǹkì kan tó ń ní kí ènìyàn gbé owó rẹ̀ sá fún olè. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀ láìtọrọ gáfárà, kí ẹ tẹ 159. Nọ́ńbà yẹn ló ń so ènìyàn pọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ báǹkì ńlá ní Britain, ẹ̀yin lẹ sì tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe àwọn ló pè yín.

Ní ti owó, bí wọ́n bá rí i ná kí ẹ tó pe báǹkì, n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín. Òfin ọdún 2017 tó ń darí owó sísan sọ pé owó tí ẹnìkan ná láìgba àṣẹ yín, báǹkì gbọ́dọ̀ dá a padà, àyàfi bí ẹ bá lọ́wọ́ sí i tàbí tí ẹ fi àìbìkítà tó burú jáì ṣe é. Báǹkì mìíràn yóò ní ẹ̀yin lẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà lélẹ̀, pé àìbìkítà nìyẹn. Ní ojú tèmi, ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rù àti orúkọ ìjọba tàn kò yẹ kí a kà sí aláìbìkítà, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni yóò dájọ́. Bí wọ́n bá kọ̀, Financial Ombudsman, àwọn tó ń dá ẹjọ́ láàárín báǹkì àti oníbàárà, wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín fi owó ránṣẹ́ láti àkáǹtì yín sí tiwọn, bí irú ìpè tí mo sọ yẹn, òfin mìíràn ni yóò bójú tó o, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2024: ó lè dá owó padà tó £85,000, báǹkì sì láṣẹ láti yọ £100 nínú rẹ̀. Méjèèjì yàtọ̀ síra, ẹ má jẹ́ kí wọ́n da wọ́n pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn tó ń kìlọ̀ nípa gbájúẹ̀ kì í sábà sọ, èyí tó sì ká mi lára ju gbogbo rẹ̀ lọ nítorí ibi tí mo ti ṣiṣẹ́. Ẹni tí ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ọkùnrin kan wá bá wa ní káúńtà, ó mú fóònù rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun ti san £20 kí òun tó mọ̀ pé jìbìtì ni, nítorí náà òun ti pinnu pé gbogbo ohun tó bá ní PCN, ìyẹn orúkọ tí wọ́n ń pe tíkẹ́ẹ̀tì ìtanràn, lára, inú ìdọ̀tí ni yóò máa lọ. Nínú ohun tó sọ nù ni lẹ́tà mẹ́ta tiwa wà. Owó tòótọ́ tí ì bá fi ìdajì san ti fi ìdajì lé sí i, ó ti dé Traffic Enforcement Centre ní Northampton, ọ́fíìsì ilé-ẹjọ́ tó ń bójú tó ìtanràn tí a kò san, bailiff, agbowó-gbèsè tí òfin fún láṣẹ, sì ti ń bọ̀. Oníjìbìtì gba £20 lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó pàdánù nítorí ìbínú ju ìyẹn lọ dáadáa. Kì í sì í ṣe gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ ló jẹ́ èké. Áàpù tí ẹ fi ń sanwó páàkì lè kọ̀wé sí yín nítorí pé ẹ fún un ní nọ́ńbà yín. Iléeṣẹ́ tó ni ibi ìgbọ́kọ̀sí níwájú súpámákẹ́ẹ̀tì, tí tíkẹ́ẹ̀tì tiwọn náà ń jẹ́ PCN ṣùgbọ́n tí kì í ṣe ìtanràn ìjọba, lè gbé gbèsè fún agbowó-gbèsè, agbowó a sì wá nọ́ńbà yín kiri. Bailiff náà ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ owó káńsù tó dé ọwọ́ bailiff, ó kéré tán lẹ́tà mẹ́ta ti gba inú ihò ilẹ̀kùn yín wọlé.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi ojú àtẹ̀jíṣẹ́ dá ẹjọ́ rẹ̀, ẹ sì má ṣe sanwó láti inú rẹ̀ láé, yálà èké ni tàbí òótọ́. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ àdírẹ́sì káńsù tó ni òpópónà náà sórí fóònù, kí ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń san owó ìtanràn, kí ẹ kọ nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà mọ́tò. Bí ó bá jẹ́ tòótọ́, ẹ ó sábà rí fọ́tò mọ́tò yín níbẹ̀. Bí ẹ kò bá ní nọ́ńbà tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ pe káńsù, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà mọ́tò àti ọjọ́. Ó lè gba ìdajì wákàtí lórí fóònù pẹ̀lú orin tí kò dùn, mo mọ̀, mo wà lára àwọn tí wọ́n ń dúró dè.

Ohun tó tún ń ba ènìyàn wa jẹ́ ni àdírẹ́sì. A máa ń yí ti láísẹ́ńsì padà bí a bá kó ilé, a ó sì gbàgbé ìwé mọ́tò, V5C, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Lẹ́tà yóò máa lọ sílé tí ẹ ti kúrò, ẹ̀yin yóò sì máa rò pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, títí àtẹ̀jíṣẹ́ bailiff tòótọ́ yóò fi dé tí ẹ ó sì pa á rẹ́ bí ti oníjìbìtì. Ọ̀fẹ́ ni yíyí i padà, owó ìtanràn àìyí i padà sì lè tó £1,000. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀ sí, kí ó béèrè fọ́ọ̀mù TE7 àti TE9 ní Northampton, kí ó ṣàlàyé pé lẹ́tà kò dé ọwọ́ òun. Ọ̀pọ̀ ni ó ti yọ nínú gbèsè tó ti wú báyìí, bí ẹ̀rí wọn bá ṣe déédéé.

Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí 7726, ọ̀fẹ́ ni, iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín yóò fi wá orísun rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ má fi STOP fèsì, ìyẹn yóò kàn sọ fún wọn pé ènìyàn wà nídìí nọ́ńbà náà ni. Nítorí pé ẹ fi káàdì lélẹ̀, ẹ tún fi tó Report Fraud, ibi tí a ti ń fi ẹjọ́ jìbìtì sùn, létí lórí 0300 123 2040, kí ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́, ó lè wúlò fún yín lọ́dọ̀ báǹkì. Èmi náà kò gbọ́n jù: ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo ti gbé fóònù sókè láti ya àwòrán onígun mẹ́rin, QR, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ páàkì ní etí òkun kan, kí ìyàwó mi tó fi èékánná yọ etí rẹ̀, tí a sì bá òmíràn lábẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ìlà yẹ́lò yín. Ìlà kan ṣoṣo ni ẹ sọ pé ó wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé wákàtí kan wà tí ó dè, wákàtí kan sì wà tí kò dè. Pátákó kékeré tó wà lára òpó nítòsí ni yóò sọ ọ́, ẹ lọ kà á lọ́la bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà. Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tilẹ̀ ṣẹ̀ sí òfin. Bí ẹ bá ṣẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kan sì fún yín ní tíkẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ tàbí ọmọ àdúgbò yọ kúrò lára gíláàsì, lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní Notice to Owner yóò dé lẹ́yìn bí oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ní ọjọ́ 28 láti dá a lóhùn. Bí ó bá dé, ẹ ya fọ́tò ojú méjèèjì rẹ̀, ẹ fi ìwé bo àdírẹ́sì yín àti nọ́ńbà mọ́tò, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó san kọ́bọ̀.